Òwúrọ̀ Mẹ́ta Létí Òkun Kanyakumari

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé èmi àti ọmọ rẹ̀, Tèmi, lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà kan ní Duluth, lókè òkun níbí, lójú ọ̀nà Pleasant Hill. Ilá la bá lọ. Ibi tí mo ti ń ṣẹ́ ṣóńṣó ilá wò bóyá ó ti gbó ni òórùn dídùn kan ti ta sí mi nímú. Mo yíjú, mo rí òdòdó funfun kéékèèké tí wọ́n sín sórí òwú bí ìlẹ̀kẹ̀, nínú fíríìjì tó wà nítòsí ibi tí a ti ń sanwó. Ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, àmọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ojú irin ní gúúsù Íńdíà, tí màmá mi ń sọ pé, "Ẹ dijú. Kí lẹ rí?"

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ olùkọ́ ni màmá mi ń ṣe n'Ìbàdàn, ojú rẹ̀ sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ará Íńdíà kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni ló júwe ilé ìwòsàn ojú kan nílùú wọn fún wa. Bàbá mi fẹ́ fi èmi àti bùọ̀dá mi, Délé, sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Màmá mi ní kò ṣeé ṣe, pé bí ojú òun bá máa lọ, àwọn ọmọ òun ni òun fẹ́ rí kẹ́yìn. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà ní ojú òsì ti lọ. Ó ní òun á ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀tún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àmọ́ òun ò lè búra pé yóò yè. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní ká lọ wo ilẹ̀ tí a wá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. A wọ ọkọ̀ ojú irin tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì, irin nìkan ló wà níbẹ̀. Ní gbogbo ibùdókọ̀ làwọn tó ń ta kọfí ti ń kígbe polówó. Ìrẹsì orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ń jẹ, ọwọ́ la sì fi ń jẹ ẹ́, èyí tó dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá mi, tó máa ń fọ́nnu pé kò sí ata tó lè mú òun, fi omijé jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní èéfín ọkọ̀ ló kó sí òun lójú. Ìyá arúgbó kan tó jókòó kọjú sí wa yọ irú òdòdó funfun yẹn kúrò lórí ara rẹ̀, ó fi í há irun mi tí wọ́n fi òwú dì. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ láàárín èrò. Màmá mi ní, "Ẹ rí i, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi fún un. Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ wọn."

Ibikíbi tí a bá dé, màmá mi á wo nǹkan títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á wá dijú, á máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ọkọ̀, iye ìwo màlúù tí wọ́n kùn, ìrìn obìnrin tó ru omi. Lẹ́yìn náà á ní kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń la ojú kan. Mo rò pé eré ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣẹ́gi jọ de òjò.

Kanyakumari, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn níbi tí òkun ti yí ilẹ̀ ká lọ́nà mẹ́ta, ló wù ú jù. Wọ́n ní oòrùn máa ń yọ látinú omi níbẹ̀. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, kùrukùru bò ó. Òwúrọ̀ kejì, òjò rọ̀. Bàbá mi ní, "Ìyá Délé, ọjọ́ dókítà ti ń sún mọ́lé o."

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ máa lọ. Oòrùn yìí ni mo wá wò, mo sì máa rí i."

Òwúrọ̀ kẹta, jíjí ní ìdájí ti sú mi. Mo fi ìró màmá mi bo orí lórí iyanrìn, mo sùn. Wọ́n jí mi, mo kọ̀. Nígbà tí mo ṣí orí, oòrùn ti gòkè, ó ti di oòrùn ojoojúmọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà òkùnkùn dé. Ọjọ́ kan ní pálọ̀ wa n'Ìbàdàn, mo ní kí màmá mi sọ òwúrọ̀ yẹn fún mi. Ó ní etí oòrùn kọ́kọ́ yọ, ó pọ́n bí epo. Apẹja méjì dúró nínú ọkọ̀ wọn, ọ̀kan dé fìlà tó ti ya. "Ìwọ náà sì wà nínú ìró mi, ẹsẹ̀ rẹ kan wà níta, iyanrìn kún un." Ojú tì mí, mo sunkún, mi ò sì jẹ́ kó gbọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa òwúrọ̀ yẹn, ẹnu afọ́jú ni mo ti gbọ́ ọ.

Lóde òní fóònù ló ń bá yín wo nǹkan, mi ò bá yín jà. Oògùn ojú náà ti dára ju ti ìgbà yẹn lọ. Àmọ́ àìsàn ojú màmá mi kò kú pẹ̀lú rẹ̀, ojú mi ló kó wá. Oṣù mélòó kan nìyí tí mo ti ń sá fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Nínú mọ́tò, mo fi òdòdó tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù náà há irun Tèmi. Mo ní, "Dijú. Kí lo rí?"

"Grandma, mo rí okra. Mo rí Aunty tó wọ purple sneakers." Ojú rẹ̀ kan là sílẹ̀ kedere bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wò mí nínú dígí. "Mummy, surgery yẹn ńkọ́? Ẹ ò lè máa postpone ẹ̀ mọ́ o."

"Bá mi gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà. Àmọ́ a máa kọ́kọ́ lọ sí etí òkun ní Savannah, mo fẹ́ rí bí oòrùn ṣe ń yọ."

"Ah, one day off péré ni mo ní o, Mummy."

"Sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ó lè di mẹ́ta. Bí kùrukùru bá bò ó, a ó dúró. Mi ò ní bo orí lọ́tẹ̀ yìí."