Mo Lu Irin, Wọ́n Dá Làmídì Lẹ́bi

Ẹ̀yin ọmọ, ìwà òmùgọ̀ tí mo ti hù láyé kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó borí gbogbo wọn: mo lu irin tí wọn kò ní kí n lù, mo sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi ru ẹ̀bi rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wẹ́dà kan tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ mi ní Muchia, ní Zaria níbí, ló rán mi létí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé, mo ń mu kunú mi jẹ́jẹ́, ni irin gígùn kan bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí, ó balẹ̀ sórí òmíràn, ó dún gbáú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, kunú ní gbogbo àyà ẹ̀wù. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi Hausa bi mí pé ta ló ń lé Kákà, bàbá àgbà wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ìró yẹn ti ń lé mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Inú kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Zaria ni mo dàgbà sí, nígbà tí Sábóńgàrì ṣì kéré débi pé bí ẹnìkan bá ń din àkàrà ní ìpẹ̀kun kan, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á ti máa wá kọ́bọ̀ tí yóò fi rà á. Yàrá mẹ́fà ló wà lórí ìlà tiwa, páànù ni wọ́n fi bò wọ́n. Nígbà ooru, à ń yan nínú rẹ̀ bí àgbàdo. Nígbà ọyẹ́, gbogbo wa á funfun bí ẹni tó sùn sínú eérú, ìyá mi á sì fi òróró pa wá lára títí a ó fi máa yọ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́.

Láàrin ọgbà náà ni igi àjàgbọn ńlá kan wà. Wọ́n so àjákù ojú irin kan rọ̀ sí ẹ̀ka rẹ̀, ó gùn tó ọmọ ọdún méje, wọ́n sì fi okùn so bóòtù ńlá kan, irú irin tí wọ́n fi ń de ojú irin mọ́lẹ̀, mọ́ ẹ̀yìn igi, òun ni wọ́n fi ń lù ú. Irin kan ṣoṣo yìí ni agogo ìjọ wa, òun náà ni ìpè àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n sinmi, ó túmọ̀ sí pé ìsìn yá. Bí wọ́n bá lù ú léraléra láìdákẹ́, ọkọ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú irin níbì kan nìyẹn, kí gbogbo ọkùnrin gbé ṣọ́bìrì kí wọ́n sáré. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹni tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ni olórí àwọn tó ń tún ọ̀nà ọkọ̀ náà ṣe. Bàbá Ojú-Irin ni gbogbo wa ń pè é. Ìwé mẹ́ta péré ló kà, ó sì fi yé wa pé ó tó òun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, á kó wa jọ sábẹ́ àjàgbọn, á máa sọ ìtàn àwọn ọba Ísírẹ́lì bí ẹni pé ó ti bá wọn gbé kọ́tà kan náà rí. Ó ní Jéhù ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin bí aṣiwèrè, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó sọ fún wa pé Ógù ọba Báṣánì ní bẹ́ẹ̀dì irin, odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn lórí iye ojú irin tí wọ́n gé kí wọ́n tó rí i ṣe. Tó bá dé orí Rehobóámù, tó kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà tó lọ gba ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi ló máa ń tẹjú mọ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún kọ́ ni ọba," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ẹni tí wọ́n fi nǹkan sí lọ́wọ́, tí wọ́n padà dé tí wọ́n bá nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọba nìyẹn."

Làmídì kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ọmọ Alfa Olóbì ni, ará Ìlọrin tó ń ta obì ní ọjà Sábóńgàrì, tí ilé wọn kọjú sí ọgbà wa. Ó máa ń wá jókòó sórí gbòǹgbò igi láti gbọ́ ìtàn, nítorí ó ti gbọ́ nípa Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sùlẹ́mánù ní ilé kéú, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwa ń sọ ọ́ dáadáa. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń tún ọ̀rọ̀ Bàbá Ojú-Irin ṣe, tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí. Alfa ní ìtàn ọba kì í ba ọmọ jẹ́.

Lọ́dọọdún, Bàbá Ojú-Irin máa ń yan ọmọ kan tí yóò máa tọ́jú bóòtù tí yóò sì máa lu irin fún ẹ̀kọ́ ọ̀sán. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, èmi ló yàn. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi, ẹ̀rù bà mí, mo sá lọ sí téṣàn, mo fara pamọ́ sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ obì tí Alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Làmídì ló fà mí lẹ́sẹ̀ jáde.

"Ẹ wá wo Ọba Sọ́ọ̀lù," ó ń pariwo fún àwọn aláàárù. "Wọ́n ń wá a kí wọ́n fi jọba, ó wà lábẹ́ ẹrù."

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi.

Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá fún mi: kí n má lu irin títí òun yóò fi dé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ dáadáa. Ó wá di Ìsinmi kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Bàbá ti bá kẹ̀kẹ́ ojú irin lọ wo ibì kan tí ilẹ̀ ti ń rì, kò sì tètè dé. A dúró títí. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dọ̀kásì, ọmọ ilé kejì sí tiwa, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ mu fúrá jàre," ó wí. "Olórí wa ń ṣọ́ igi kí igi má baà sá lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, mo bẹ̀rù ìkookò nígbà yẹn, mo bẹ̀rù ejò, mo bẹ̀rù ìyá mi ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rù ohunkóhun tó ẹ̀rín yẹn. Mo rò ó pé tí Bàbá bá dé tí kò bá ẹnikẹ́ni, á ní mi ò lè kó èèyàn jọ. Mo mú bóòtù. Mo lu irin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò yíjú padà. Ni mo bá ń lù ú lọ, bí ẹni tí oyin ń lé. Mi ò ka iye rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń lu irin, ọwọ́ mi ló yá a lò.

Kíá ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Àwọn ọkùnrin ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ẹnìkan wà nínú wọn tí ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyá Rúùtù, tí ọkọ rẹ̀ ń koná sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọ̀sán, sáré jáde, ó káwọ́ lérí, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sì ṣubú sínú kòtò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Nígbà tí mo gbọ́ igbe obìnrin náà, mo ju bóòtù sílẹ̀, mo sá sẹ́yìn igi. Làmídì, tó ti wà lórí gbòǹgbò rẹ̀ láti ọ̀sán, tí kò sì lè rí nǹkan nílẹ̀ kó má gbé e, ló mú un kó lè so ó padà.

Bí Bàbá Ojú-Irin ṣe dé nìyẹn. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó gbọ́ ìpè náà lọ́nà, ó ti rò pé òkú èèyàn lòun fẹ́ wá kó.

"Ta ló lu irin?" Èmi ni Bàbá bi.

Mi ò sọ pé Làmídì ni. Mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ ta lẹ ti rí bóòtù?"

Gbogbo ojú yí sí Làmídì. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ń retí kí n parí gbólóhùn mi. Mi ò parí ẹ̀. Bàbá gba bóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má wá sábẹ́ igi yẹn mọ́. Ó rán ènìyàn sí Alfa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi bọ̀ láti ọjà, ó ní Alfa sọ pé ọmọ òun ti dójú ti òun láàárín àwọn ará rélùwéè, àwọn tó ń bá òun gbé ẹrù. Ó fẹ́ dá a padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọkọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ni yóò wọ̀. Mo fi oúnjẹ mi sílẹ̀. Mo lọ bá Làmídì lẹ́yìn ilé wọn, ó ń tú obì tó ti jẹrà kúrò nínú èyí tó dára.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?" mo bi í.

"Mò ń dúró dè ọ́ ni," ó wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ mi. Tètè ṣe."

Èmi kò tètè ṣe. Ọjọ́rú lọ, Ọjọ́bọ̀ lọ. Mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Ojú-Irin, màá kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," màá sì padà sílé bí ẹni tó wá torí kíkí nìkan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìtàn tó kàn ni ti Sọ́ọ̀lù. Wòlíì Sámúẹ́lì ní kó dúró de òun fún ọjọ́ méje. Sámúẹ́lì pẹ́, àwọn ènìyàn ń tú ká, ọba bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rú ẹbọ tí kì í ṣe tirẹ̀ láti rú. Wòlíì dé, ó bi í léèrè, ọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àwọn èèyàn ń lọ, ẹ̀yin náà kò dé, ọ̀tá ti sún mọ́ tòsí. Bàbá ní Dáfídì ṣẹ̀ ju Sọ́ọ̀lù lọ ní ìlọ́po, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi òun, ó ní èmi ni, ó dákẹ́. Ó ní ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju ibẹ̀ yẹn lọ.

Bàbá kò wò mí rárá lọ́jọ́ náà. Ó sàn kó wò mí. Nígbà tí àwọn tó kù lọ, mo dúró. Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Mo fẹ́ fi kún un pé wọ́n ń lọ mu fúrá ni, mo gbé e mì.

Mo ti ń retí ọwọ́ tó le bí èèpo igi yẹn. Kò wá. Bàbá jókòó sórí gbòǹgbò tí Làmídì máa ń jókòó lé. Ó ní Dáfídì fúnra rẹ̀ ṣe irú èyí rí, èyí tí àwọn oníwàásù kì í fẹ́ dé ibẹ̀. Ìránṣẹ́ kan wá parọ́ mọ́ Mẹfibóṣẹ́tì arọ, ọba gbọ́ ti ẹnìkan, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ arọ náà fún òpùrọ́ lójú ẹsẹ̀. "Èmi náà rí bóòtù lọ́wọ́ ọmọ, mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo," ó wí. "Wọ ẹ̀wù rẹ dáadáa. À ń lọ sílé Alfa."

Mo bi í bóyá òun á bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Màá sọ tèmi. Tìẹ, ẹnu rẹ ló wà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti yí padà kí n tó parí. Koríko ti bo ọ̀pọ̀ ojú irin yẹn. Wọ́n ti gé igi àjàgbọn. Àwọn ọmọ wa ń gbé Dogarawa àti Basawa lẹ́yìn ìlú, wọ́n gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, wọ́n sì ń gbọ́ ìtàn ọba lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìyá Rúùtù tí mo pọn omi fún títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi san, tó ń pè mí ní ọkọ mi kékeré, ti lọ tipẹ́. Làmídì náà ti ṣaláìsí, lẹ́yìn tí a ti ṣọ̀rẹ́ ju àádọ́ta ọdún lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé obì wá fún mi lọ́dún iléyá, èmi náà ń gbé adìyẹ lọ ní Kérésì. Ìbéèrè Bàbá nìkan ni kò tíì yí padà. Mo ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, nínú ilé tèmi: ta ló lu irin? Àwọn tó ń ṣàlàyé pọ̀ bí yanrìn. Mo dúpẹ́ pé wọ́n tètè fi hàn mí bí ìdáhùn ṣe kúrú tó.

Ìrọ̀lẹ́ Ìsinmi náà ni a dé ilé Alfa. Ẹrù Làmídì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í. Bàbá Ojú-Irin ṣí fìlà rẹ̀ níwájú olóbì, ó ní òun dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ọmọ, kí Alfa forí jì òun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, mo sọ tèmi. Làmídì yọjú láti inú ilé.

"Ọba Sọ́ọ̀lù, dìde, erùpẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu," ó wí. Òru kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Alfa kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Bàbá, ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Èmi tí mo bí i náà kò bi í léèrè," ó wí. Ó wá kọjú sínú ilé, ó gbóhùn sókè díẹ̀: "Ìyá Làmídì, wá tú ẹrù yìí. Ọmọ tí àgbà ṣí fìlà fún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹ́wọ́ níwájú mi nítorí ẹ̀, kí ló tún ń lọ wá ní Ìlọrin?"