Oyin àti Aṣọ Iṣẹ́ Ọkọ Mi

Iṣẹ́ fífín oògùn kòkòrò ni ọkọ mi ń ṣe ní àwọn ilé ńláńlá Lẹ́kkí Phase 1. Aáyán, ẹ̀fọn, ikán, kò sí èyí tí kì í pa. Tó bá fi máa dé ilé wa ní Addo, orí á ti máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á pọ́n, aṣọ rẹ̀ á máa rùn bíi pé òun gan-an ni wọ́n fín oògùn náà sí lára.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ló ní kó máa lá oyin. "Oyin ò ní jẹ́ kí májèlé ráyè lára rẹ," ni wọ́n wí. Èmi ni mo wá ń wá oyin gidi kiri ọjà Ajah, torí ayédèrú ló pọ̀ jù. Ṣíbí méjì láràárọ̀. Ó ní ara òun fúyẹ́. Ló bá pa ìbòmú tó máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́ tì, ó ní ooru rẹ̀ pọ̀ jù.

Èmi ò lá nǹkan kan. Ṣebí òun ló ń fín oògùn. Ọwọ́ lásán ni mo kàn fi ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo pè é ní àárẹ̀. Ta ni kì í rẹ̀ ní Ajah? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fún aṣọ náà lọ́wọ́ ni ojú mi ṣú, itọ́ kún ẹnu mi, mo sì ń bì. Alhaja tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi dé ọsibítù.

Dókítà, obìnrin ni, bi mí pé, "Mummy, ṣé ẹnì kan ń lo oògùn kòkòrò nílé yín?"

Ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wolẹ̀. "Èmi ni, dókítà. Ṣùgbọ́n mò ń lá oyin."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ń dán an wò lára eku, ó sì jọ pé oyin ń dín agbára májèlé kù díẹ̀, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún èèyàn. "Ẹ máa lá a tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà. Ẹ ṣáà wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Ẹ má sì gbé aṣọ yẹn fún Mummy mọ́."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá mi sílẹ̀. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èwo ló tún fẹ́ ṣe? Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ilé. Ó bẹ̀ mí títí. Mo ní kò burú. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa bínú lọ.