Àáró Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kejì

Bí ẹ bá ń gba ẹ̀yìn òkè kọjá ní Lèma, ní agbègbè Dassa, tí ẹ gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ké, tí ohùn obìnrin kan sì ń ga ju ti ẹ̀rọ náà lọ, ẹ má sáré lọ pe àgbà pé ìjà ń bẹ. Lucienne ló ń kí oníbàárà. Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ àgbàdo àti láfún fún àwọn ará Ìdí-Igbá, ó pẹ́ débi pé kò rántí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbàdúrà sínú, àwọn tó wà níwájú àti àwọn tó wà lẹ́yìn ni yóò mọ ohun tó ń tọrọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ. Amandine, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti yege nínú ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ wọ sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. CEG, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, tó súnmọ́ wọn jù lọ, inú ìlú Dassa ló wà, ó sì ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà jìn. Ọmọ tó bá ti oko lọ síbẹ̀ ní láti gba yàrá sílùú, kó máa dáná fúnra rẹ̀, kó máa dá sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Josiane, ẹ̀gbọ́n Amandine. Wọ́n di ìkòkò kan, ẹní kan àti àpò gàrí fún un, ọmọ tí kò tíì mọ bí a ti ń tún irun ara rẹ̀ dì. Ebi pẹ̀lú ìdáwà gbá a mú. Kò tíì parí quatrième, ọdún kẹta, tó fi fi ìwé sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu, níbi tó ti ń ta káàdì fóònù dòní. Lucienne ti búra pé ọmọ òun kejì kò ní gba yàrá níbì kankan.

Nítorí náà, nígbà tí Monsieur Fidèle, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iléèwé, gun alùpùpù rẹ̀ wá láti ìlú, tó ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù, pé wọ́n lè ṣí CEG kejì síhìn-ín, láàárín Ìdí-Igbá àti Àárín-Òkè, abúlé méjì tí òkè kan ṣoṣo là láàárín, Lucienne pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Kì í pa ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìjọba á fún yín ní dírẹ́tẹ̀ tí yóò ṣe ọ̀gá iléèwé àti àwọn olùkọ́," ni Monsieur Fidèle wí. "Ilé sìmẹ́ńtì á tẹ̀lé e tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí lẹ máa kọ́kọ́ gbé àtíbàbà mẹ́ta dúró, bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo. Bí wọ́n bá dúró kí ìwọlé tó dé, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Bí wọn ò bá dúró, kí àwọn ọmọ máa bọ̀ sílùú."

Bàbá Grégoire, àgbà Ìdí-Igbá, fi ilẹ̀ sílẹ̀ nídìí òkè lọ́jọ́ náà gan-an. Ilẹ̀ wà. Igi tẹ́kì wà. Ọ̀pẹ kún etí odò. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó kù. Ìpàdé kù.

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò wáyé nítorí pé ìrìn-àjò mímọ́ sí Gúrótò, ihò àpáta Màríà Mímọ́, kù sí dẹ̀dẹ̀, ta ló máa jókòó sí ìpàdé nígbà tí àlejò ń wọ Dassa láti gbogbo Benin? Èyí tó tẹ̀lé e ṣubú nítorí òkú kan ní abúlé Tré. Òjò ba òmíràn jẹ́. Nígbà tí wọ́n wá péjọ níkẹyìn, wọ́n fi gbogbo àárọ̀ jiyàn lórí aṣọ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò máa wọ̀. Àwọn kan ní pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ewé. Lucienne jókòó sáàárín wọn, ó ń fi ìka gbá orúnkún rẹ̀.

"Ẹ dákun," ló wí, "bọ́ọ̀lù ọ̀hún, inú igbó ni wọ́n ti máa gbá a àbí orí àpáta? Ọ̀pó dà?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há gan-an nìyẹn. Ta ni yóò pe àáró?

Ní àwọn òkè wọ̀nyí, àáró ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tó bá ju agbára ẹnìkan lọ. Lágbájá á pè ọ́ lónìí, o ó lọ bá a kọ ebè. Tó bá di ọjọ́ tìrẹ, á wá bá ọ kọ tìrẹ. Ẹni tó pè ló ni iṣẹ́. Òun ló ń fún àwọn tó wá lóúnjẹ, òun ló sì jẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ iṣẹ́. Wọn kì í kọ àáró. Ẹni tó bá kọ̀ láìṣàìsàn, lọ́jọ́ tí òrùlé rẹ̀ bá gbiná, òun nìkan ni yóò pọnmi sí i. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ Gbogbo-Ènìyàn tí yóò wá san ọjọ́ padà. Nígbà kan rí, Ìdí-Igbá pe Àárín-Òkè kí wọ́n wá bá àwọn la ọ̀nà tó lọ sí ibi ìtọ́jú aláìsàn. Láti ìgbà náà ni Àárín-Òkè ti ń sọ pé wọ́n jẹ àwọn níṣẹ́. Ìdí-Igbá ń dá wọn lóhùn pé, ṣé ẹ̀yin kì í gba ọ̀nà náà ni? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì tán.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀," ni Modeste wí, ẹni tó jẹ́ olórí Àárín-Òkè. "Ẹ pè wá, a ó wá."

Bàbá Grégoire rẹ́rìn-ín. "Modeste ọmọ mi, ojú oorun ni mo ti jí lónìí, kì í ṣe ojú ọtí. Bí mo bá pè yín, ọmọ ọmọ yín ni yóò máa bi ọmọ ọmọ mi léèrè ebè. Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ jù. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè wá."

"Àwa ò nílẹ̀ níbẹ̀, Bàbá. Àlejò kì í pe onílé sínú ilé."

"Ẹ jẹ́ ká má pe ẹnikẹ́ni nígbà náà," ni Lucienne wí. "Ká jí lọ́la, ká gbé àdá, ká lọ."

Wọ́n wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó láìsí ìyàwó.

"Iṣẹ́ tí a ò pè," ni Modeste béèrè, "ta ni yóò gún iyán rẹ̀?"

Ìpàdé tú ká. Wọ́n dá òmíràn.

Nílé, Gervais, ọkọ rẹ̀, ń dúró dè é. Ọkùnrin tí kì í náwó ọ̀rọ̀ ni, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti ná èyí tó wà nílé tán. Ó ní, "Ìyá Josiane, mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi nílùú sọ ọ̀rọ̀ yàrá kan. Nítorí bóyá kò ní ṣeé ṣe níhìn-ín ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀."

Lucienne yíjú padà. Ó wo Amandine, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ba Gervais. Ìpariwo Lucienne ti mọ́ ọn lára, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ti í gbé e.

Ní ọjọ́ kejì, Ràṣídì, oníṣòwò láti ọjà Dassa tó máa ń gbé epo ẹ̀rọ wá fún un, gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti dé òrùlé?"

"Kò tíì dé ihò ọ̀pó. Àwọn àgbà ń wá ẹni tí yóò ni ín."

"Hẹn." Ràṣídì nu ọwọ́. "Ọjà tí kò lólúwa, bó ti wù kó dára tó, ìta ni yóò sùn. Lọ́dọ̀ wa, tí a bá rí irú ẹ̀, ẹnìkan á kúkú ní tòun ni. Bí kò bá ṣáà ti jẹ́ olè."

Lucienne ń da epo sínú ẹ̀rọ. Epo kún, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Nígbà tó mọ̀, ó kọ́kọ́ bú epo, ó bú ẹ̀rọ, ó bú Ràṣídì tó dúró tó ń wò ó, ó wá wẹsẹ̀, ó wé gèlè, ó jáde.

Ilé Bàbá Grégoire ló kọ́kọ́ yà. Ó kúnlẹ̀ bó ti yẹ. "Bàbá, àáró ni mo wá pè. Ilé ni mo fẹ́ kọ́. Yàrá mẹ́ta, tó fẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ nídìí òkè."

"Ilé ta ni?"

"Tèmi."

"Ìwọ tí o ní ilé?"

"Òfin wo ló ní kí ènìyàn má ní méjì, Bàbá?"

Bàbá náà wò ó títí. Ẹ̀rín gbà á, ó rín in títí ó fi húkọ́. "Lọ," ló wí. "Ìdí-Igbá á wá."

Lucienne rìn yí òkè ká lọ sí Àárín-Òkè. Modeste kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ṣé ẹ mọ bí a ti pọ̀ tó níhìn-ín, Ìyá Josiane?"

"Mo mọ̀. Gbogbo yín ni mò ń pè."

"Ẹ ó san án?"

"Ìgbà wo ni mo pe àáró tí mi ò san?"

Modeste wá ibi tí yóò di ọ̀rọ̀ náà mú, kò rí i. Àáró ni obìnrin náà pè, tìkara rẹ̀, lórúkọ ara rẹ̀. Modeste kò sì ṣàìsàn tí yóò fi kọ̀.

Lọ́jọ́ àáró, Àárín-Òkè dé kí ìrì tó gbẹ, kí Ìdí-Igbá má baà sọ pé àwọn pẹ́. Ìgbà òjò ni, koríko ìbolé ṣì tutù, kò sí èyí tó gbó, nítorí náà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n máa fi bò ó. Àwọn kan ń gé tẹ́kì, àwọn kan ń gbẹ́ ihò, àwọn obìnrin ń hun imọ̀. Abúlé kan ò fẹ́ kí ìkejì ṣáájú òun, iṣẹ́ sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Lucienne wà nídìí odó, ó ń gún iyán, ó sì ń darí wọn láti ibẹ̀.

"Ẹ wo ọ̀pó yẹn. Ọ̀pó ló mu sódàbì ni àbí ẹ̀yin?"

"Bí onílé bá rí i pé ó wọ́, kó wá tì í," ni ẹnìkan dá a lóhùn láti orí àjà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Kí oòrùn tó wọ̀, àtíbàbà mẹ́ta dúró. Ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú.

Monsieur Fidèle dé, ó rìn yí i ká, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ṣe olórí iṣẹ́ yìí kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí Lucienne. "Òun ló ni ín," ni wọ́n wí.

"Òun ni aṣojú yín?"

"Rárá, Monsieur," ni Modeste wí, ẹni tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣókùnkùn. "Ilé rẹ̀ ni. Òun ló pè wá."

Ojú Monsieur Fidèle yí padà. "Ilé ẹnìkan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iléèwé aládàáni nìyẹn. Mi ò lè fi olùkọ́ ìjọba sínú ilé ẹnìkan, Madame." Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ nínú àpò.

Lucienne dúró síwájú alùpùpù náà. "Mo ti fi í fún ìlú."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí."

"Ẹ dúró ná," ni Modeste wí. "Tó bá di ti ìlú, ta ló wá jẹ mí ní ọjọ́ tí mo ṣe?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ ti ìlú, ara wa la ṣe é fún. Àwọn kan ní rárá, Ìdí-Igbá ló jẹ Àárín-Òkè. Ẹnìkan hú ọ̀rọ̀ ọ̀nà ilé ìtọ́jú jáde. Monsieur Fidèle ti jókòó sórí alùpùpù.

Lucienne bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ dákẹ́." Òkè gba ohùn náà, ó dá a padà. "Ilé ti di ti gbogbo yín. Àáró ṣì jẹ́ tèmi. Èmi ni mo pè, èmi ni n ó san án, ilé dé ilé. Ta ni ò gbọ́?"

Modeste ní òun gbọ́.

"Madame," ni Monsieur Fidèle wí, "èyí ò yé mi dáadáa."

"Kò ní yé yín. Ẹ bá mi mú olùkọ́ wá."

Ó mú wọn wá. Dírẹ́tẹ̀ kan wá, àwọn olùkọ́ sì tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú wọn ń bẹ̀rù ejò. Amandine wọ káki, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́sàn-án. Bí òjò bá ń jò lórí ìwé wọn, ẹni tí wọ́n ń wá fẹjọ́ sùn ni Lucienne. Bí ewúrẹ́ bá wọ kíláàsì, Lucienne ni. Ó ti sọ ọ́ títí ó sú u pé ilé kì í ṣe tòun mọ́.

Ọjọ́ àáró náà ló wá ń san. Bó ti ń kúrò lóko yìí ló ń bọ́ sí tọ̀hún, àárọ̀ dé àárọ̀, Gervais sì ń bójú tó ẹ̀rọ, ẹni tí oníbàárà kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lucienne rò pé Bàbá Grégoire, tó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, yóò ní kó máa lọ. Bàbá náà fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. "Àṣà ni, ọmọ mi." Perpétue, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àárín-Òkè, ni ẹnìkan ṣoṣo tó ní òun fi tòun jì í. Lucienne ní kó fi ojú oko han òun. Ẹni tó bá fi jì í lónìí, lọ́la á ní òun lòun kọ́ iléèwé.

Oko Modeste ló kàn. Modeste ní ìlà ebè gígùn kan sílẹ̀ dè é, ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń pọ́n àdá. Ọmọ tirẹ̀ náà wà ní sixième, àga kan náà lòun àti Amandine jọ ń jókòó lé. Lucienne ti sọ èyí fún un lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀. Modeste ní òótọ́ ni.

Lọ́sàn-án, Amandine gba etí oko kọjá pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn. Ó rí ìyá rẹ̀, ó sọ àpò kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ọkọ́ kejì.

"Fi í sílẹ̀."

"Ìyá, díẹ̀ péré ni mo fẹ́ bá yín ṣe."

"Mo ní fi í sílẹ̀. Iyán wà nínú ìkòkò, ọbẹ̀ wà lórí ààrò. Lọ jẹun. Tó o bá jẹun tán, kàwé."

Ọmọ náà gbé àpò. Láti orí ebè, Lucienne rí ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé, nísàlẹ̀ òkè. Ó dúró, ó gbára lé ọkọ́, ó ń wo aṣọ káki náà bó ti ń sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn àpáta, bó ti dé àgbàlá, bó ti wọlé.

"Ìyá Josiane," ni Modeste pè láti abẹ́ igi, "ebè yẹn kéré."

Lucienne wo ebè náà. Ó kéré lóòótọ́. Ó pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń wọ́ erùpẹ̀ jọ sí i.