Irọ́ tí mo pa nítorí gílóòbù ìjàpá

Irọ́ kékeré kan ni mo pa láàárọ̀ yìí. Díẹ̀ ló kù kó pa ìjàpá mi.

Òjò ti mú kí Mowe tutù láti ìjẹta, ìjàpá mi ò sì jẹun mọ́. Mo lọ bá bàbá tó ń ta nǹkan iná ní Ibafo pé kí wọ́n fún mi ní gílóòbù tó máa ń gbóná.

"Kí ló fẹ́ máa yáná? Ọmọ adìyẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣáà mọ àdúgbò wa. Tí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin ń sin ìjàpá, wọ́n á ní oògùn ló fẹ́ fi ṣe.

Wọ́n fún mi ní igba wáàtì, èyí tó máa tó agbo ọmọ adìyẹ. Kò pẹ́ tí mo tàn án tí ìjàpá fi ń fi èékánná ha ara àpótí rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa sá gbà. Mo paná, mo padà lọ jẹ́wọ́.

Bàbá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìjàpá kan ṣoṣo? Ogójì wáàtì ti tó. Apá kan ni kó o gbé e kọ́ sí, kó lè rí ibi tútù sá sí."

Wọ́n wá wò mí. "Mi ò bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ìjàpá ṣe. Ohun tó fẹ́ yáná ni mo bi ọ́."

Ìjàpá ti ń jẹ ewé báyìí. Èmi ni mi ò tíì lè jẹun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìbéèrè wo lẹ ti ń sá fún, tẹ́nikẹ́ni ò tíì bi yín?