Alhaji Tó Ń Bá Wa Ṣe Tax Kì Í Fọwọ́ Síwèé

Ara fu mí lónìí, ó sì ṣì ń fu mí báyìí.

Ẹ mọ̀ pé notary ni mí. Mò ń gbé ìwé lọ bá àwọn tó ń ra ilé, wọ́n á fọwọ́ sí i lójú mi, èmi á lu òǹtẹ̀. Láti Pearland tí mò ń gbé ni mo ti wakọ̀ lọ sí Gulfton, sọ́dọ̀ Alhaji tó ń bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ṣe tax. Wọ́n ti parí ìwé tax mi, àmọ́ mi ò rí self-employment tax níbẹ̀, owó orí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ máa ń san, ni mo bá bi wọ́n.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Notary kì í san self-employment tax. Kò kàn ẹ́ rárá."

Mo ní, "Alhaji, ṣebí owó òǹtẹ̀ nìkan ni ìjọba yọ sílẹ̀ nínú tax yẹn? Owó ìrìn mi àti owó ìwé tí mò ń tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà. Ta ló fẹ́ máa yà á sọ́tọ̀?"

Ó dáa. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé tax náà, mo rí i pé ibi tí ẹni tó ṣe é ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ṣófo. Mo na báírò sí wọn.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà."

"Èmi kì í fọwọ́ sí i. Ṣe bí ẹni pé ìwọ lo ṣe é fúnra rẹ."

Ha! Kí ẹ̀bi owó tí wọn ò ṣírò lè wá sórí èmi nìkan! Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ojú ẹni tó fẹ́ fọwọ́ síwèé! Bí oníbàárà bá gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wá bá mi, mi ò ní lu òǹtẹ̀ kankan.

Mo kó ìwé mi, mo ní mo fẹ́ lọ kírun.

Ẹ̀yin tí Alhaji ti ń bá ṣe tax, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ìwé yín. Orúkọ ta lẹ bá níbẹ̀?