Ìkòkò Olóbi Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọ́

Alihamudulilahi. Ọpẹ́ ni n ó kọ́kọ́ dá kí n tó sọ ohunkóhun, torí èmi tí mò ń kọ èyí, ó yẹ kí n ti di ẹni ilẹ̀. Ọlọ́run tí wọ́n kọ́ mi ní orúkọ Rẹ̀ nílé kéú kí n tó mọ orúkọ ara mi kọ, Òun ló ní kí n wà.

Gàrí ni mò ń yan ní Lalupon. Oyún méjì ló ti kú sí mi nínú, lẹ́yìn tí wọ́n ti lápá tí wọ́n ti lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta lágbára, ó máa ń ta mí nípàá kí n tó jí. Lọ́jọ́ kan, mo dúró nídìí agbada, mò ń retí kó ta mí. Mo mu omi tútù, mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò tún ta mí mọ́.

Nílé ìwòsàn tí ọkọ mi gbé mi lọ nígboro Ìbàdàn, wọ́n fún mi lóògùn tó máa mú òkú ọmọ náà jáde. Ìrọbí òkú burú ju ti ààyè lọ. Inú mi ń fà ya bí aṣọ, mo gé ara mi jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ọmọkùnrin ni. Awọ ara rẹ̀ ti ń bó. Ọkọ mi gbé e mọ́ra, ó ń kéwú sí i létí bí ẹni pé ó máa gbọ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ dókítà wọlé. Ìwádìí lórí ọmọ tó ń kú sínú ìyá ni iṣẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká yẹ olóbi yẹn wò. Òun ló ń bọ́ ọmọ nínú. Bí ohunkóhun bá mọ ohun tó pa á, òun ni. Tá a bá wò ó tán, a ó dá a padà fún yín."

Mo ní kí wọ́n gbé e. Bí mi ò bá mọ ohun tó ń pa wọ́n, ẹ̀kẹrin náà máa kú.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìdílé ọkọ ló ni olóbi. Ìbáà jẹ́ ààyè ìbáà jẹ́ òkú lobìnrin bí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sin olóbi sẹ́yìnkùlé. Láti Lalupon ni ìyá ọkọ mi ti gbé ìkòkò amọ̀ tí wọ́n máa fi sin ín lé itan nínú mọ́tò. Àbúrò ọkọ mi ló tẹ̀ lé wọn wá.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e?" ló fi bú mọ́ dókítà. "Ẹ fẹ́ fi ṣòògùn owó, àbí? Ẹ rí i pé ará oko ni wá!"

Ọkọ mi ní, "Ṣe sùúrù. Èmi àti ìyàwó mi la fún wọn láyè."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́! Ìyàwó ti fokùn sí yín nímú!"

Ọkọ mi tì í sẹ́yìn. Ni ọmọ ìyá rẹ̀ bá gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró eyín lórí sìmẹ́ńtì. Àbúrò náà fa irin tí wọ́n gbé omi tó ń wọ ara mi kọ́, abẹ́rẹ́ já kúrò lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi irin náà la ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ọkọ mi wó lulẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í lu ògiri. Mo já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo fi gbogbo ara bo abọ́ tí olóbi wà.

"Ẹ pa mí kẹ́ ẹ tó gbé e."

"Dìde níbẹ̀! Ọmọ wa mélòó lo fẹ́ pa jẹ?"

Ó gbé irin sókè. Ìró tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà kì í ṣe ti irin. Ìyá ọkọ mi ti fọ́ ìkòkò olóbi mọ́ ọmọ tiwọn lórí. Àfọ́kù fọ́n ká, àbúrò ọkọ mi sì jókòó sílẹ̀ gbì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

"Èmi náà sin òkú ọmọ kí n tó bí ẹ!" Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mò ń ra ìkòkò, mò ń sin olóbi, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń pa wọ́n fún mi. Jẹ́ kí wọ́n wò ó!"

Nọ́ọ̀sì tó tì lu ògiri ló rán an lórí. "Ọ̀gá oníjà," ló ń wí, "ẹ má mira o, abẹ́rẹ́ ò mọ akínkanjú."

Olóbi sọ ohun tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì nínú rẹ̀ tí oúnjẹ ò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bára mu. Dókítà ní àwọn tó ti ṣèwádìí ṣáájú rí i pé abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, pẹ̀lú asipirín díẹ̀ lójoojúmọ́, ń gba ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Kò sọ pé gbogbo wọn ni.

Nígbà tí oyún kẹrin dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà fún mi níkùn. Ikùn mi ṣú dúdú bí ti ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù. Àbúrò ọkọ mi ló ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ síbi abẹ́rẹ́ ní Ìyànà Ọ̀fà. Kò bẹ̀ mí rí. Ó kàn ń wa ọ̀kadà jẹ́jẹ́, ó ń yẹ kòtò.

Ọmọ náà ké. Obìnrin ni, ó ń ké bí ẹni ń bá wa jà. Àbúrò ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìkòkò tuntun, ó ń fọwọ́ pa àpá orí rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé wọ́n ti wo olóbi yẹn tán? Àbí kí n ṣì ní sùúrù?"

Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí i. "Gbé ìkòkò yẹn fún mi. Mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lò ó."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, oyún tó bá wà nílé yín, ààyè ni Ọlọ́run yóò fi sọ̀ ọ́. Èyí tẹ́ ẹ sì ti sin, kó di ẹni tí yóò dì mọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà àlùjánnà. Àmín.