Nẹ́ẹ̀tì Tó Ń Sun Oorun Ọ̀sán

Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ló fún nẹ́ẹ̀tì wa lórúkọ ìnagijẹ. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ìrun àílà bá ti kọjá díẹ̀ lọ́sàn-án, á dákẹ́ lọ gbári, kò sì ní jí títí di làásárì.

Àwa méjì la dá ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì ní Akoka nígbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, ara gbogbo èèyàn sì yá gágá. Àwa tá a ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún ń sáré kiri bí ọmọ iléèwé tó gba ọlidé. Fóònù alágbèéká tuntun wà lọ́wọ́ wa, a sì máa ń gbé e sétí kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè wá.

Ọ̀rẹ́ mi wà ní Palmgrove, níbi tí àwo ńlá tó ń gba nẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run wà. Èmi wà ní Ṣómólú, nínú yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé Àlàájà kan, ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni ilé náà, kò sì sí èyí tó ga tó o ládùúgbò. Orí òrùlé rẹ̀, tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ pẹrẹsẹ, la ri òpó kan mọ́, a sì gbé àwo kékeré kan lé e, kó lè máa wo ti Palmgrove. Bí àwo méjèèjì bá ń rí ara wọn, nẹ́ẹ̀tì ń ṣàn. Bí nǹkan bá dí wọn lójú, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi a máa sọ pé àwọn àgbà ti mọ físíìsì yìí kí a tó dé Akoka, ṣebí àwọn ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ tá a gbé e síbẹ̀, mo ṣàlàyé fún onílé wa.

“Àlàájà, ojú àwo yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀.”

“Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ohun tí wọ́n bá ní kí n tọ́jú, mo máa ń tọ́jú ẹ̀.”

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn jọjọ. A fa wáyà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan, ó di mẹ́ta, ó di méje. A gbé àwo kejì sórí òrùlé náà, a kọ ojú rẹ̀ sí ilé kọ̀ǹpútà kan ní Ladi-Lak ní Bàrígà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tò láti kọ lẹ́tà sí òkè òkun. Atẹ̀wé tó ti máa ń rán èèyàn wọ mọ́tò lọ sí Àbújá lọ gba àwòrán olóṣèlú ń jókòó sí Ṣómólú, àwòrán ń bá a nílé. Wọ́n á hó yèè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe dé, tí oorun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀.

A pààrọ̀ wáyà. A pààrọ̀ rédíò tó ń bá àwo ṣiṣẹ́. A gé ẹ̀ka máńgò kan ní Palmgrove, onímáńgò sì gbé wa ṣépè. Mi ò lè gòkè lọ wo àwo lásìkò náà, torí abẹ́ ìbòòji kékeré kan lórí òrùlé yẹn ni Àlàájà ti ń kírun, tí wọ́n sì ń gbatẹ́gùn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣí i lẹ́yìn làásárì, nẹ́ẹ̀tì á ti jí, èmi á sì bá àwo tó ń dán yinrin, tí nǹkan kan ò ṣe.

Alága àwọn atẹ̀wé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tí wọ́n fi ń gé pépà lọ, a máa yọjú sí mi lọ́sọ̀ọ̀sán.

“Injiníà, Ọ̀lẹ ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, Alága. A ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.”

“Ẹ rọra o, ẹ má jí i. Ṣé ẹ ti tẹ́ ẹní fún un?”

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú kan, kò ṣàwàdà. Kàlẹ́ńdà olóṣèlú kan wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́. Aago méjì ọ̀sán Jímọ̀ ni àwòrán rẹ̀ máa wọlé láti Àbújá.

“Tí Ọ̀lẹ bá sùn lọ́jọ́ Jímọ̀, Injiníà, gbogbo wa la máa yọ wáyà yín kúrò.”

Láìsí àwọn atẹ̀wé, ilé-iṣẹ́ wa ti kú nìyẹn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí rẹ̀, a ò sì ní ibi tá a máa padà sí.

Nígbà tó di Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi lọ yá awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ohun tó ń fi í wò mọ́ látìgbà tí alágbádá ti gbàjọba. Ó gun òrùlé Palmgrove, ó dojú awò kọ Ṣómólú. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjì lù, nẹ́ẹ̀tì kú. Fóònù mi ké.

“Ẹnì kan ti dé àwo yín ní fìlà!”

“Fìlà kẹ̀?”

“Fìlà funfun ràgàjì! Mò ń wò ó! Gòkè lọ!”

Mo ń fo àtẹ̀gùn ní méjì-méjì. Alága rí mi, ó gbá tẹ̀lé mi láìbéèrè. Mo kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Àlàájà ṣí i, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwo wa wà, baàfù onírin funfun dé e mọ́rí, wọ́n sì fi ọ̀já ìpọnmọ so ó lábẹ́ àgbọ̀n.

“Àlàájà, kí lèyí?”

“Kí ni kí ni? Ṣebí ìwọ lo ní kí n tọ́jú ojú ẹ̀? Olójú kan kì í tàkìtì òró. Ojú kan ṣoṣo ló ní, o wá gbé e sínú irú oòrùn yìí! Ojoojúmọ́ ni mò ń dé e, n ó sì ṣí i ní làásárì. O dúpẹ́ rí?”

“Èkejì tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“O ò ní kí n tọ́jú ìyẹn.”

Alága yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Injiníà, ẹ jẹ́ ó yé mi. Oorun kọ́ ló ń sùn?”

“Oorun kọ́, Alága. Oòrùn ni.”

Ẹ̀rín gbé e jókòó sórí kọnkéré, kọnkéré sì jó o nídìí, ó fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké “Yéè!” Mo nawọ́ sí baàfù. Àlàájà gbá ọwọ́ mi dànù.

“Ẹ ò ní fọ́ ọ lójú nínú ilé mi!”

Gbogbo físíìsì tí mo kọ́ ní Akoka pòórá lórí mi. Alága ló rántí ohun tó wúlò.

“Àlàájà, agboòrùn ńkọ́?”

Mo mọ̀ pé aṣọ gbígbẹ ò lè dí rédíò lọ́wọ́ bíi ti irin. Àlàájà ṣí baàfù, wọ́n mú agboòrùn dúdú wọn wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi ọ̀já kan náà so ó mọ́ òpó. Fóònù ké. “Ó ti jí! Ó ti jí!” ni ọ̀rẹ́ mi ń pariwo.

A sáré sọ̀kalẹ̀. Àwòrán olóṣèlú ń yọ díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, fìlà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà eyín, lẹ́yìn náà agbádá tí kò fẹ́ tán. Àwọn atẹ̀wé ń hó. Wáyà ẹnikẹ́ni ò kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn, òfin kan wà nílé-iṣẹ́ wa. Ibi yòówù ká gbé àwo sí, a kì í sọ pé kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Ọwọ́ ẹlòmíì ni ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sí nígbẹ̀yìn, Àlàájà náà ti lọ sinmi. Láìpẹ́ yìí mo gba iwájú ilé wọn kọjá. Òpó wa ṣì wà lókè, egungun agboòrùn ṣì so mọ́ ọn, aṣọ rẹ̀ ti fò lọ. Mo wo aago, ó ti kọjá àílà. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì, èmi nìkan.

“Bàbá, ṣé kò sí?” ni obìnrin kan tó ń kọjá bi mí.

“Kò sí,” mo ní. “Oòrùn ni.”